Ìdí Ọkọ̀

Ọdún tí bàbá mi ra ọkọ̀ yìí ní gbàǹjo àwọn sójà,
ó fi ọ̀dà pupa bo àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀,
ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí igi bá ti ha á lára
ni ewé tún ti ń yọ.
Táyà mẹ́fà, gbogbo wọn ló ń fà.
Kò sí ẹrẹ̀ tó dá a dúró rí, láti inú igbó gẹdú títí dé etí ọ̀sà.

Àfi Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí a kọjá Itóìkín,
tí nǹkan dún gbàù nísàlẹ̀,
tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rọra ń lọ sílẹ̀
bí arúgbó tó ń fi ìdí wá àpótí.

Àbúrò mi ní ká tà á fún àwọn alálòkù irin,
kílò kílò ni wọ́n ń rà á.
Mo ní, ṣé wọ́n á wọn Bàbá náà mọ́ ọn?
Ó dákẹ́. Ó ń wo fóònù rẹ̀.

Kàsálì mẹkáníìkì mú mi dé Mọ́jọ̀dá.
Ọlọ́jà ibẹ̀ fi àkísà nu ásù kan fún mi,
ó dúdú, ó ń dán, ó nípọn ju itan mi lọ.
"Ti tírélà ni, ìyá. Sìmẹ́ńtì ẹgbẹ̀ta àpò ò lè mú un mira."
Ó wọ̀ mí lójú. N kò ní purọ́.
Ohun tó bá sanra a máa jọ ohun tó lágbára.

Kàsálì ò dáhùn. Ó yọ ẹfun lápò,
ó fa ìlà kan sára họ́ọ̀bù,
ó fa òmíràn sí ọrùn ọ̀pá tó ti ń wọnú.
Ó ní kí ọmọ méjì dì í mú, lọ́tùn-ún, lósì,
kí wọ́n jọ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Òun fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó ń ka ọrùn.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó kù díẹ̀ kó pé.
Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò.
"Tiwa níwájú, ẹ̀ẹ̀mẹfà àti àbọ̀ ló ń yí.
Tẹ́ ẹ bá fi èyí sẹ́yìn, ẹ̀yìn á máa lé iwájú,
iwájú á máa dá ẹ̀yìn dúró,
ọkọ̀ á máa bá ara rẹ̀ jà títí ọ̀kan á fi kán."

Mo rántí ọkọ kan, kì í ṣe ọkọ̀,
tí mo bá gbé l'Ókè-Balógun fún ọdún mẹ́sàn-án.
Mi ò sọ ọ́ síta.

Pókà la ti rí èkejì, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀,
nínú koríko tí ewúrẹ́ ò tíì jẹ dé ìsàlẹ̀.
Ọkọ̀ sójà bíi tiwa. Orí ti lọ, ojú ti lọ,
ìdí nìkan ló kù.
Ó dípẹtà. Ẹnì kan ti jó o pọ̀ rí lápá òsì,
ojú wẹ́dà náà wú bí àpá iṣẹ́ abẹ.
Kàsálì tú ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́,
ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka ra ìka, ó ń wá ẹ̀rún irin.
Kò sí. Dúdú lásán, kò ta á lọ́wọ́.
Eyín inú ẹ̀yìn ṣì pé.
A tún fa ẹfun.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà àti àbọ̀. Èmi náà ń kà á sókè.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó lolóko pè é.
Ó gba ọ̀ọ́dúnrún, ó fi àgbálùmọ̀ mẹ́ta ṣe ènì.

Ó ti wà lórí igi ní àgbàlá wa báyìí.
Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló yẹ kó dì í, méje la rí.
Ọmọọṣẹ́ ti gun ọ̀kadà lọ wá ẹ̀kẹjọ láti àárọ̀.
Òjò ń ṣú bọ̀ lápá ọ̀sà.
Àbúrò mi jáde, ó bèèrè ìdí
tí mo fi fi irin dídán sílẹ̀ tí mo lọ ra ìpẹtà.
Mo ju ẹfun sí i.
Mo ní, "Wá síbí. Dọ̀bálẹ̀. Kà á."